Kí ni à ń ṣàárò gan-an nínú àwọn mọ́tò gbọọrọ Amẹ́ríkà àtijọ́?

Ìbéèrè:

Gbogbo àgbà tí mo mọ̀ tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà ni kì í rí Cadillac tàbí Chevrolet àtijọ́ kó má dúró wò ó, á sì máa mirí bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ ìgbà kékeré. Ó ń yà mí lẹ́nu. Mọ́tò tó ń mu epo bí ẹni tó ti oko dé ṣe ń mu omi, tí kò ní bẹ́líìtì, tó gùn débi pé kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ gbé e sí nígboro, kí ló wà lára rẹ̀ tó yẹ ká máa ṣàárò? Ṣé kì í ṣe ìgbà èwe yín lẹ ń ṣàárò, tí ẹ wá ń fi mọ́tò bojú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé irin gidi ni wọ́n fi ṣe é, mo ti gbọ́ ìyẹn títí ó fi sú mi.

* * *

Àbúrò mi, ìdajì ohun tí o sọ jóòótọ́, n ó sì gbà á fún ọ kí n tó bá ọ jiyàn lórí èyí tó kù. Àwọn mọ́tò wọ̀nyẹn ń mu epo, wọ́n sì léwu ju bí àwọn tó fẹ́ràn wọn ṣe máa ń fẹ́ gbà lọ. Ṣùgbọ́n pé ìgbà èwe wa nìkan là ń ṣàárò, n kò gbà. Láti ọdún 1995 ni àwọn onímọ́tò àtijọ́ ti máa ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn lórí òpópónà Woodward ní ìpínlẹ̀ Michigan, láti Ferndale títí dé ìlú Pontiac, ní Sátidé kẹta oṣù kẹjọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ síbẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ ogún ọdún létí ọ̀nà, tí wọ́n gbé àga wá láti ilé, tí wọ́n jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Wọn kò ní ìgbà èwe kankan nínú mọ́tò ọdún 1959 tí wọ́n lè máa ṣàárò. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń wò.

Kí wá ni ojú wọn rí? Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé bí mọ́tò náà ṣe tóbi ni. Èmi sọ pé títóbi kọ́. Cadillac ọdún 1959 gùn tó ínǹṣì 225, ìyẹn nǹkan bíi mítà 5.7. Ọkọ̀ akẹ́rù Ford F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin tí àwọn èèyàn fi ń lọ ra búrẹ́dì lónìí gùn jù ú lọ, kò sì sí ẹni tó ń dúró wò ó. Níbi gíga ni ìyàtọ̀ wà. F-150 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà méjì, nígbà tí Cadillac náà kò ga tó mítà kan àbọ̀. Bí o bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàá rí òrùlé rẹ̀ láìna ọrùn. Ó gùn, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló ti orí iná iwájú lọ dé orí iná ẹ̀yìn, ojú rẹ á sì bá ìlà náà lọ kó tó mọ̀ pé òun ń rìn. Ìlà yẹn ni mo ní ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

* * *

Ọkùnrin tó kọ́ Amẹ́ríkà ní ìlà náà ni Harley Earl. Kó tó dé Detroit, ìlú àwọn tó ń ṣe mọ́tò, Los Angeles ló wà, níbi tó ti ń ṣe ara mọ́tò fún àwọn òṣèré fíìmù Hollywood, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ kí gbogbo ayé wo àwọn ló ti kọ́ iṣẹ́. General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Cadillac, Chevrolet àti Buick, gbé iṣẹ́ yíya mọ́tò LaSalle ọdún 1927 lé e lọ́wọ́. Nígbà tí mọ́tò náà jáde tí ọjà rẹ̀ sì yá, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún un nínú ilé-iṣẹ́ náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bí mọ́tò yóò ṣe rí lójú. Ṣáájú àsìkò yẹn, àwọn ẹnjiníà ló máa ń to ẹ́ńjìnnì, wọ́n á to ìjókòó, wọ́n á sì wá fi páànù bo ohun tí wọ́n tò. Earl ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ mọ́tò náà ní bó ṣe máa tóbi gan-an, kí wọ́n máa há a, kí wọ́n máa fọwọ́ pa á lára, títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa ṣàn lórí rẹ̀ láìkọsẹ̀ níbì kankan. Àwa tí àwọn baba ńlá wa fi amọ̀ àti ìda mọ orí kí wọ́n tó da idẹ sí i ní Ilé-Ifẹ̀, ó yẹ kí iṣẹ́ yẹn tètè yé wa.

Earl sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tí òun ti ń lépa láti ọdún gbọọrọ ni kí mọ́tò Amẹ́ríkà gùn sí i kó sì lọ sílẹ̀ sí i, nígbà mìíràn ní tòótọ́, àti nígbà gbogbo, ó kéré tán, kó rí bẹ́ẹ̀ lójú. Ẹ kíyè sí apá ìkẹyìn yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé ojú ni òun ń bá ṣiṣẹ́ ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ti lẹbẹ ẹ̀yìn wá ńkọ́, àwọn irin méjì tó yọ sókè bí ti ẹja? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni Earl àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ wo Lockheed P-38, ọkọ̀ òfurufú ogun tó ní ìrù méjì. Ìrù yẹn kò kúrò lọ́kàn wọn. Cadillac ọdún 1948 jáde pẹ̀lú lẹbẹ kékeré méjì, kò ju kí ó gbé iná ẹ̀yìn sókè díẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ló ti di ìdíje. Ní 1957, Virgil Exner, ayàwòrán mọ́tò ní ilé-iṣẹ́ Chrysler, gbé tirẹ̀ ga, ó sì jẹ́ kó tinrín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará General Motors fi da àwòrán tí wọ́n ti ń yà nù, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n bí nínú ìkánjú yẹn ni Cadillac 1959, tí lẹbẹ rẹ̀ ga ju ti gbogbo mọ́tò Amẹ́ríkà mìíràn lọ, tí iná pupa ṣóńṣó méjì sì yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á bi mí pé iṣẹ́ wo ni lẹbẹ náà ń ṣe. Kò ṣe iṣẹ́ kankan. Gèlè náà kì í gbé ẹrù, síbẹ̀ kò sí ìyá tó máa lọ sóde láìwé e.

* * *

Ẹnìkan ti fèsì pé mo ń yẹra fún ọ̀rọ̀ irin, pé mọ́tò bàbá òun tí wọ́n ṣe ní nǹkan bíi 1960 kọ lu igi, igi ló ṣẹ́, mọ́tò kò sì tẹ̀. Inú mi dùn pé bàbá rẹ yè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ni mo ka sí èyí tó léwu jù nínú gbogbo ohun tí àwọn olólùfẹ́ mọ́tò àtijọ́ máa ń sọ, n kò sì ní fi ṣeré.

Ní 2009, àjọ Insurance Institute for Highway Safety, tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀, mú Chevrolet Bel Air ọdún 1959 àti Chevrolet Malibu ọdún 2009, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì forí sọ ara wọn ní apá kan iwájú, kálukú lórí ìwọ̀n 40 máìlì ní wákàtí kan. Àyè tí awakọ̀ ń jókòó sí nínú Malibu kò bà jẹ́. Ti Bel Air wó wọnú: ilẹ̀kùn ṣí, irin tó di gíláàsì iwájú mú tẹ̀, sítíárìn sì wá bá ère tí wọ́n fi ṣe awakọ̀. Ẹni tó bá jókòó sínú Malibu á ní ìpalára díẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú Bel Air kò ní yè é.

Àwọn tó ń gbèjà Bel Air ní ṣáásí rẹ̀ tó rí bíi lẹ́tà X ló fa èyí, pé bí wọ́n bá mú irú mìíràn, ọ̀rọ̀ ò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ṣáásí yẹn kò dára. Ṣùgbọ́n ṣáásí wo ló máa ṣàtúnṣe sítíárìn tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ irin gbọnrangandan kan ṣoṣo tó dojú kọ àyà ènìyàn? Irin tí kò tẹ̀ máa ń gbé gbogbo agbára ìkọlù náà fún ara ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mọ́tò òde òní ń rún wómúwómú níwájú kí egungun rẹ má bàa rún. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó rún, a lè ra òmíràn.

Bíréèkì náà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́tò ọdún 1962, ó sì bẹ̀ mí kí n bá òun wà á délé nínú òjò, lórí Lake Shore Drive ní Chicago. Dúrọ́ọ̀mù ni bíréèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí omi wọnú wọn, mo tẹ bíréèkì, mọ́tò náà rò ó ná, lẹ́yìn náà ló fà mí sọ́wọ́ òsì lójijì bí ẹran tó fẹ́ já okùn. Mo ti wa takisí fún ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn, ọwọ́ mi sì gbọ̀n títí a fi délé.

Nítorí náà, àbúrò mi, lórí ọ̀rọ̀ ààbò, o jàre.

* * *

Ti epo kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì Cadillac 1959 jẹ́ lítà 6.4, ó ní agbára ẹṣin 325, galọ́ọ̀nù epo kan sì ń lọ ní nǹkan bíi 30 sẹ́ǹtì. Ààrẹ Eisenhower ti buwọ́ lu òfin òpópónà márosẹ̀ ní 1956, ọ̀nà tuntun ń ṣí káàkiri. Ní irú àsìkò yẹn, kò sí ẹni tó ń ka epo.

* * *

Ohun kan wà tí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò mẹ́nu bà, òun ló sì sún mọ́ ọkàn mi jù. Ní ọdún 1986 tí mo dé Chicago, iṣẹ́ takisí ni mo rí, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ìgbà náà. Caprice onígun mẹ́rin ni wọ́n fún mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo gbé bàbá aláwọ̀ dúdú kan láti ibùdókọ̀ ojú irin lọ sí apá gúúsù ìlú. Nígbà tó rí i pé àga iwájú gùn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ jókòó síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ó ní ìdílé òun máa ń wa mọ́tò láti Chicago lọ sí Mississippi lọ́dọọdún ní àwọn ọdún 1950. Ènìyàn mẹ́fà, mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Búùtù wọn kún fún adìyẹ díndín, omi, aṣọ ìbora, agolo epo, àti garawa tí àwọn ọmọdé máa lò, nítorí pé láti ibì kan lọ, kò sí ilé oúnjẹ tó máa tà fún wọn, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó máa gbà wọ́n, kò sì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n lè wọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, inú mọ́tò ni wọ́n ń sùn. Ó ní, "Àwọn òyìnbó ń sọ pé a fẹ́ràn mọ́tò ńlá nítorí fáàrí. Ilé wa ni."

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni n kò ti lè gbọ́ kí ẹnìkan sọ pé ìwọ̀ra lásán ni títóbi mọ́tò wọ̀nyẹn kí n sì dákẹ́. Ẹ rántí Montgomery ní Alabama, láti oṣù kejìlá 1955 sí oṣù kejìlá 1956, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì. Mọ́tò tí wọ́n ní lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń gbé ara wọn lọ síbi iṣẹ́. Àga gbọọrọ tó gba ènìyàn mẹ́ta níwájú wúlò fún wọn lọ́dún yẹn ju bí ẹni tó yà á lórí pépà ti lè rò lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti sọ tẹ́lẹ̀ pé títóbi kọ́ là ń ṣàárò. Fún ojú èmi tó ń wòran láti ìta, ìlà ni. Fún ẹni tó ti sùn nínú rẹ̀, n kò lè sọ fún un pé àyè kọ́.

* * *

Ẹlòmíràn béèrè bóyá irú mọ́tò wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Wọ́n dé, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, bàbá oníkòkó kan ní Chevrolet aláwọ̀ ojú ọ̀run, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọwọ́ òsì ọ̀nà ni gbogbo wa ń gbà nígbà yẹn, bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà tó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Sítíárìn mọ́tò náà wà lọ́wọ́ òsì, nítorí náà awakọ̀ kò lè rí iwájú bó bá fẹ́ yọ sílẹ̀ lẹ́yìn lọ́rì. Ọmọkùnrin kan ló máa ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó yọrí síta kó pariwo pé, "Ó mọ́! Ẹ kọjá!" Gbogbo wa là ń fẹ́ ṣe iṣẹ́ yẹn.

* * *

Ìgbà wo ni ìlà náà já? Wọ́n sábà máa ń sọ pé 1973 ni, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró ní oṣù kẹwàá, tí àwọn ará Amẹ́ríkà tò sílé epo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ńpà kì í jẹ́ kí n sinmi. Láti mọ́tò ọdún 1973 ni òfin ti ní kí bọ́ńpà iwájú lè gba ìkọlù máìlì márùn-ún ní wákàtí kan láìjẹ́ kí iná tàbí ohun ààbò mìíràn bà jẹ́. Bọ́ńpà króòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń bá ìtẹ̀kọ̀rọ̀ ara mọ́tò lọ di pákó irin gbàǹgbà tí wọ́n so mọ́ iwájú. Òfin náà ní ìdí tirẹ̀. Ó dùn mí síbẹ̀.

Ní 1977, General Motors gé àwọn mọ́tò ńlá rẹ̀ kúrú. Caprice tuntun kúrú ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ó fúyẹ́, síbẹ̀ àyè orí àti ẹsẹ̀ inú rẹ̀ kò dín kù. Irú èyí ni mo fi ṣe takisí. Mo fẹ́ sọ ọ́ tọkàntọkàn pé mọ́tò tó dára ju Bel Air lọ ni ní gbogbo ọ̀nà tí a lè fi ìwọ̀n wọ̀n. Ó tọ́ ọmọ mi méjì dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n nínú ọdún tí mo fi wà á, kò sí ọjọ́ kan tí mo pa ẹ́ńjìnnì, tí mo rìn lọ, tí mo tún yíjú padà wò ó.

* * *

Wọ́n ti mẹ́nu ba Cuba, ó sì yẹ ká débẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn tó le jù wà: kí ni a ń pè ní mọ́tò àtijọ́ gan-an? Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959 àti òfin Amẹ́ríkà tó dí ọ̀nà òwò, mọ́tò tuntun àti ẹ̀yà ara mọ́tò kò dé láti Detroit mọ́. Títí di 2011, mọ́tò tó ti wà ṣáájú ìyípadà náà nìkan ni ará ìlú lè rà kí ó sì tà fàlàlà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe. Almendrón ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbé èrò bí dánfó wa.

Èyí tí mo wọ̀ láti Havana lọ sí Regla, Buick ni lójú. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀, àga rẹ̀ ti ara bọ́ọ̀sì wá, awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló sì rọ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó so ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ ewé àti dúdú mọ́ dígí, ìlẹ̀kẹ̀ Ògún, nítorí pé ọmọ Lukumí ni, ìyẹn àwọn tó ń sin òrìṣà Yorùbá ní Cuba. Nígbà tí mo kí i pé Ògún á gbè é, ó gbọ́ orúkọ náà, ó sì fọwọ́ kan irin.

Àwọn olówó tó ń kó mọ́tò jọ ní Amẹ́ríkà á sọ pé ìyẹn kì í ṣe Buick mọ́, pé bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò bá bá ti ṣáásí mu, iye rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. N kò fara mọ́ wọn. Ìlà tí wọ́n fi amọ̀ mọ ní Detroit ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Èyí tí wọ́n fi aṣọ bò nínú yàrá tútù, tí kì í rin máìlì mẹ́wàá lọ́dún, òun ni mo máa ń káàánú.

* * *

Ìbéèrè ìkẹyìn wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: bó bá rí bí mo ṣe sọ ọ́, èwo ni kí òun rà?

Má ra Cadillac 1959. Owó rẹ̀ ti kọjá agbára òṣìṣẹ́, gíláàsì iwájú rẹ̀ tó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ sì máa ń jẹ́ kí èèyàn fi orúnkún gbá irin nígbà tó bá ń wọlé. Bó bá jẹ́ ti ẹwà, Lincoln Continental ọdún 1961 ni mo fi ṣáájú gbogbo wọn. Wọ́n gé e kúrú ju ti 1960 lọ ní ohun tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n bọ́ gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kúrò, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ṣí síhà ẹ̀yìn. Ohun tí Earl kò lè rí ara gbà láti ṣe nìyẹn, kó fi nǹkan sílẹ̀ láìfikún un. Ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ ṣòro, wáyà rẹ̀ sì pọ̀.

Ra èyí tí kò gbajúmọ̀, onílẹ̀kùn mẹ́rin, ti àárín àwọn ọdún 1960. Kó o tó sanwó, dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú yìnyín ní àríwá máa ń jẹ irin wọn láti ìsàlẹ̀ wá, króòmù sì máa ń wọ́n ju ẹ́ńjìnnì lọ láti tún ṣe. Fi bíréèkì dísìkì sí iwájú, fi bẹ́líìtì sí i, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé o ti bà á jẹ́.

Èmi ní Buick LeSabre ọdún 1966. Ó gùn ju gáréèjì mi lọ, mo ní kí káfíńtà wó ògiri ẹ̀yìn, kó sì fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì kún un. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní báyìí, òun ló máa ń sọ pé ká gbé e jáde ní ọjọ́ Àìkú. Bí o bá gba Chicago kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, jẹ́ kí n mọ̀. Iwájú lo máa jókòó sí, láàárín àwa méjèèjì.